Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Ilẹ̀ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà: Ogún Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Láti oṣù kejìlá 2016 tí ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ti gbé ètò «Bénin Révélé» kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ kò kúrò lẹ́nu àwọn aláṣẹ mọ́. Ní 2021 ni Faransé dá ohun ọnà ààfin Àbọ̀mè 26 padà. Ní 2022 ni wọ́n ṣí ère ńlá obìnrin jagunjagun ní Kútọnù. Láti 2024 ni ayẹyẹ Vodun Days ti ń kó èrò lọ sí Ouidah ní oṣù kìn-ín-ní. Ọdún 2024 yìí kan náà ni òfin jáde pé ọmọ ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà lè béèrè pé kí wọ́n di ọmọ Benin. Gbogbo èyí ń fa àlejò wá. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ibi tí owó àti èrò ń lọ, etíkun ni, àti Àbọ̀mè.

Ní àríwá, ìbẹ̀rù ti dín ẹsẹ̀ àlejò kù. Ní oṣù karùn-ún 2019, wọ́n jí arìnrìn-àjò afẹ́ Faransé méjì gbé nínú ọgbà ẹranko Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn rìn. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó nínú ọgbà W. Nítorí náà, àwọn tó fẹ́ràn igbó, òkè àti abúlé, tí wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ń wá ibòmíràn. Agbedeméjì ilẹ̀ Benin ni ojú wọn yóò yí sí: òkè Ìdáàṣà, òkè Ṣábẹ̀ẹ́, igbó ilẹ̀ Kétu, títí dé àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ tiwa nìyẹn.

Bóyá àlejò yóò wá kọ́ ni ìbéèrè tó wà níwájú ẹgbẹ́ yìí. Àlejò yóò wá. Ohun tí a ní láti bi ara wa ni pé: ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà, ta ni ó ni ọ̀nà náà, kí ni yóò sì ṣẹ́ kù fún abúlé nígbà tí wọ́n bá lọ? Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó so àwọn abúlé wa, igbó wa àti ojúbọ wa pọ̀ jẹ́ ogún gẹ́gẹ́ bí ẹnubodè àti ààfin ti jẹ́ ogún. Òun sì ni ogún tó rọrùn jù láti sọnù, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé, àti ohun tí kò sí

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tí a ti dáàbò bò. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì kọ ọ́ sínú àkójọ ogún àìlèfọwọ́bà ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Láti 1996 ni Benin ti fi àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ àti ààfin ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Ní 2007, orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin lórí ààbò ohun ìní àṣà àti àwọn ohun àdáyébá tó ní ìtumọ̀ nínú àṣà. Ti igbó ńkọ́? Ìjọba Faransé ti ya igbó ọba sọ́tọ̀ kí òmìnira tó dé: igbó Dogo àti igbó Kétu lápá ọ̀dọ̀ wa, igbó Agua ní ìhà Bantè, igbó Tui-Kilibo ní òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Òfin igbó ti 1993 ṣì ń ṣọ́ wọn. Ní 2012, àṣẹ ìjọba jáde lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú igbó mímọ́, ìyẹn igbó òrìṣà àti igbó orò, tí àṣẹ ìbílẹ̀ nìkan ti ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn nǹkan tí a kà yìí dáadáa. Ibi ni wọ́n, tàbí ìṣe. Ọ̀nà tó so ibi kan mọ́ èkejì kò sí níbẹ̀. Akaba Idena, ẹnubodè ńlá Kétu, wà nínú ìwé gbogbo ẹni tó ń mú àlejò rìn. Ọ̀nà tó wọ inú ẹnubodè náà kò sí nínú ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ ẹnubodè tí kò ní ọ̀nà, ògiri lásán ni.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti rí èyí tipẹ́. Ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn lọ sí Santiago ní Spain wọ àkójọ UNESCO ní 1993. Ọ̀nà àwọn òkè Kii ní Japan wọlé ní 2004. Qhapaq Ñan, ọ̀nà àwọn Inca tó gba orílẹ̀-èdè mẹ́fà kọjá ní Gúúsù Amẹ́ríkà, wọlé ní 2014. Ní gbogbo ibẹ̀, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ogún, pẹ̀lú abúlé, kànga àti ibi ìsinmi tó wà lẹ́bàá rẹ̀. A kò sọ pé kí a sáré tọ UNESCO lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé èrò náà kò ṣàjèjì, kò sì ju agbára wa lọ.

Ìtàn tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀

Ìtàn Kétu, ìtàn ọ̀nà ni. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá ti jáde, wọ́n dúró ní Òkè Ọyán, wọ́n dúró ní Arò, kí Ọba Edé tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi tí ìlú wà lónìí. Ọdẹ ló ṣíwájú wọn, nítorí ọdẹ ló mọ ọ̀nà. Ní oṣù kìn-ín-ní 1853, Samuel Ajayi Crowther gba ọ̀nà láti Abẹ́òkúta wá sí Kétu. Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì gba ọ̀nà mìíràn wọlé, wọ́n fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Àbọ̀mè. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì tán, àwọn tó kù lára ìgbèkùn náà rìn padà sílé láti tún Kétu tẹ̀ dó. Lára àwọn ará Kétu tí ogun kó ṣáájú ni àwọn tí wọ́n tà sókè òkun, tí orúkọ Kétu fi di orúkọ orílẹ̀ Candomblé ní Bahia ní Brazil títí di òní.

Ìbéèrè tó yẹ kí olùwádìí bi ara rẹ̀ nìyí: ta ló lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ọ̀nà tí àwọn ìgbèkùn náà gbà padà? Abúlé wo ni wọ́n sùn? Odò wo ni wọ́n mu omi rẹ̀? Àwọn àgbà kan ṣì mọ̀ ọ́n, abúlé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀nba tirẹ̀. Ẹni tó bá ti Brazil wá tó ya fọ́tò ní Akaba Idena, tó sì wọ mọ́tò padà sí Kútọnù lọ́jọ́ kan náà, ẹnu ọ̀nà ìtàn náà ló dé. Kò wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pe Ìdáàṣà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Kútọnù lọ sí Paraku ń rí àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ lókèèrè. Àpáta wọ̀nyí kì í ṣe ohun ìran lásán. Ibẹ̀ ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun Dàhòmì, ibẹ̀ sì ni ojúbọ wà. Ipa ẹsẹ̀ tó gun òkè ni ìtàn ogun náà: ibi tó ti há tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kan ṣoṣo fi lè kọjá, ibi tí omi ti ń jáde nínú àpáta, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́nà. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ kò lè rí i. Ẹni tó bá gun ún láìní ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò rí òkúta, kò ní rí ìtàn.

Ìrìn ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ tuntun níbẹ̀. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹjọ, àwọn Kátólíìkì láti Benin, Togo àti Nàìjíríà ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arígbó ní Ìdáàṣà, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọmọ ilé ọba àti àwọn olórìṣà náà ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń rìn lọ́jọ́ ọdún. Ní ilẹ̀ àwọn Ifẹ̀ ní ìhà Atakpamé ní Togo, abúlé sí abúlé ṣì ń fi ẹsẹ̀ bẹ ara wọn wò. A kò ní láti dá ọ̀nà tuntun sílẹ̀ fún àlejò. Ohun tí a nílò ni kí a mọ èyí tó wà.

Igbó tí kò ní ẹlẹ́sẹ̀

Àwọn tó bá mọ igbó ọba ilẹ̀ Kétu àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ pé igbó tó wà lórí ìwé yàtọ̀ sí igbó tó wà nílẹ̀. Oko ti wọ inú rẹ̀. Èédú ń jáde níbẹ̀ lọ sí àwọn ìlú ńlá. Agégi ń wá apá àti ìrókò. Àwọn darandaran ń kó màlúù kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ṣọ́ igbó kéré sí ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́. Ní àwọn ibi kan, igi tíkì tí ìjọba gbìn ló dúró níbi tí igi àdáyébá ti wà rí.

Igbó òrìṣà náà ń kéré sí i. Ìbẹ̀rù ló ń ṣọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù náà sì ti dín kù. Níbi tí ìdílé tó ń ṣọ́ ọ bá ti túká lọ sí Kútọnù tàbí Èkó, kò sí ẹni tí yóò sọ pé «ibí yìí, a kì í gé igi níbẹ̀».

Níbí ni ẹlẹ́sẹ̀ ti wúlò. Igbó tí ènìyàn ń gbà kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣòro láti ṣọ́, nítorí ojú wà níbẹ̀. Ẹni tó ń mú àlejò rìn yóò rí kùkùté tuntun, yóò rí ibi tí wọ́n ti ń sun èédú, yóò sì mọ ẹni tí yóò sọ fún. Abúlé tó bá ń rí owó díẹ̀ lórí igi tó dúró ní ìdí kan láti má tà á fún agégi. Kì í ṣe pé owó àlejò yóò tó owó èédú. Kò ní tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni èédú ń mówó wá lórí igi kan. Igi tó dúró lè pa owó fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Ta ni yóò jẹ, ta ni yóò san?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Òwe yìí kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Bí àlejò bá fi mọ́tò wá, ilé-iṣẹ́ tó gbé e wá láti Kútọnù ló gba owó. Abúlé gba eruku. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yàtọ̀. Wọn kò lè yára kọjá. Ebi yóò pa wọ́n, wọn yóò jẹ àgún. Òǹgbẹ yóò gbẹ wọ́n. Ilẹ̀ yóò ṣú, wọn yóò wá ibi tí wọn yóò sùn. Táyà yóò bẹ́, wọn yóò wá ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́. Owó wọn ń bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ ní díẹ̀díẹ̀, pàápàá sọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n gbèsè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ń pòkìkí ìrìn-àjò afẹ́ kì í sì í sọ ọ́. Gbèsè àkọ́kọ́ ni ti àṣírí. Lónìí, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè jẹ́ kí fóònù rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tó kọjá, kí ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. OpenStreetMap wà fún ẹnikẹ́ni láti fi ọ̀nà kún. Ohun rere ni fún ọ̀nà ọjà. Fún ọ̀nà igbó orò, wàhálà ni. Àlejò tó tẹ̀ lé àmì orí fóònù, tó bá ara rẹ̀ níbi tí obìnrin tàbí ògbẹ̀rì kì í dé, ti ṣẹ̀ láìmọ̀. Àwọn ará abúlé ni yóò sì ṣe ètùtù rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti lọ.

Gbèsè kejì ni ti orúkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀nà sórí àwòrán ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Bí Faransé ṣe kọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní «Savè», tó sì kọ Ìdáàṣà ní «Dassa», ni àwọn odò, òkè àti oríta wa yóò ṣe gba orúkọ tuntun bí a kò bá kọ tiwa sílẹ̀ ṣáájú. Orúkọ oríta kan lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn ogun kan.

Ohun tí àwọn ará abúlé lè bi wá

Ẹnìkan lè sọ pé: ẹ̀yin tó wà nílùú ńlá ni ẹ fẹ́ kí a máa rìn lẹ́sẹ̀. Àwa fẹ́ ọ̀nà ọ̀dà. Aboyún fẹ́ dé ilé ìwòsàn, iṣu fẹ́ dé ọjà, zémíjàn sì ti rọ́pò ẹsẹ̀ tipẹ́. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ogún bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má ṣe ọ̀nà sí abúlé nítorí kí àlejò lè rí «abúlé àtijọ́», ọ̀tá abúlé ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀dà àti ọ̀nà ẹsẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀nà ọ̀dà ń lọ tààrà láti ìlú sí ìlú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ń gba ibi omi, ibi òkúta, ẹ̀yìn igbó, ojú oórì. Ohun tó sì ń pa á ju ọ̀dà lọ ni pípín ilẹ̀. Nígbà tí awọnlẹ̀ bá wá fi òpó sílẹ̀, tí ilẹ̀ di ti olówó, ọ̀nà tí kò sí nínú ìwé rẹ̀ ti di inú ọgbà ẹnìkan. Kò ní sí ariwo, kò ní sí ẹjọ́. Lọ́jọ́ kan, wáyà yóò dí i.

Ìṣòro ààlà náà wà. Àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní 1889 pín ilẹ̀ ọba Kétu sí méjì. Ìmẹ̀kọ wà ní Nàìjíríà lónìí, Ìlárá sì wà lójú ààlà gan-an. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 dé oṣù kejìlá 2020, àwọn ìbátan tó ń fi ẹsẹ̀ bẹ ara wọn wò ni ìyà rẹ̀ jẹ. Àlejò tí kò mọ̀ lè gba ọ̀nà igbó kọjá ààlà láìrí ọlọ́pàá kankan, kí ó sì di ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba méjì. Ọ̀nà Kétu kò lè pé láìsí ìhà Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá rìn ín pé gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè tí ìjọba mọ̀.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe?

Kọmúùnù 77 ló wà ní Benin, ọ̀rọ̀ ọ̀nà abúlé àti ti ìrìn-àjò afẹ́ sì kan àwọn aláṣẹ wọn. Ní 2025, ilé aṣòfin dìbò fún òfin tó fi ìdí ipò ọba ìbílẹ̀ múlẹ̀. Ìgbà díẹ̀ nìyí tí ọba àti kọmúùnù lè jókòó sórí ẹní kan náà, kí àwọn oníṣòwò ìrìn-àjò tó dé. Ohun mẹ́rin ni a rò pé ó yẹ kó wà nínú àdéhùn wọn.

Èkíní, kí a kọ orúkọ kí a tó ya àwòrán. Kí ọmọ ẹgbẹ́ rìn pẹ̀lú àgbà abúlé, kí ó gba orúkọ ọ̀nà, odò, òkè àti oríta sílẹ̀ ní èdè ibẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì gba ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ. Ìwé yìí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ abúlé kí ó tó wà lọ́wọ́ wa.

Èkejì, kí abúlé fúnra rẹ̀ sọ ọ̀nà tó ṣí, èyí tó ń ṣí nígbà kan, àti èyí tí kò ní ṣí láé. Èyí tí kò ní ṣí kò gbọdọ̀ dé orí àwòrán ilẹ̀ kankan, ìbáà jẹ́ ti olùwádìí.

Ẹ̀kẹta, kí ọdẹ jẹ́ ẹni tí yóò máa mú àlejò wọ igbó. Ìgbà tó dùn ún rìn jù, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí odò fà, ìgbà náà ni wọ́n ń sun igbó, tí ìbọn ọdẹ sì ń dún. Ẹni tí kò mọ ibi tí wọn yóò sun lọ́la kò gbọdọ̀ mú ọmọ ènìyàn wọ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí owó ọ̀nà máa gba ọwọ́ abúlé, kí wọ́n máa kà á ní gbangba, kí apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ti igbó: owó àwọn tó ń ṣọ́ ọ, àti owó igi tí a ó gbìn.

A lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ní Àjàṣẹ́, ẹsẹ̀ lásán ti tó láti lọ láti ààfin sí àwọn ilé Àgùdà àti mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn tó ti Brazil padà kọ́. Ní Kétu, láti Akaba Idena jáde sí abúlé àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà àtijọ́ kan. Ní Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́, òkè kan ṣoṣo, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ni ojúbọ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a kọ sílẹ̀ dáadáa sàn ju ogójì tí a kàn fi ìlà fà.

Ọ̀nà tí a kò rìn mọ́, igbó ni í dì í; èyí tí gbogbo ayé sì ń rìn láìní olùṣọ́, á di erùpẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ orúkọ àwọn oríta wa kò pọ̀ mọ́, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ sì súnmọ́ ju ìpàdé tí ìjọba yóò pè lọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé, ẹ wá àgbà kan ní abúlé yín, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: ọ̀nà wo ni ẹ ń gbà kí mọ́tò tó dé?